Ilẹ̀kùn Tí Wọ́n Tì Mọ́ Ajá

Gbólóhùn kan ṣoṣo ni Olúmúyìwá sọ, ó sì fi ọdún mẹ́ta gbáko jẹ ìyà rẹ̀. Gbólóhùn náà kò gùn. Kì í ṣe èébú. Ọ̀wọ̀ ni ó fẹ́ bù fún àgbà.

Ọdún 1957 ni. Olúmúyìwá, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Tíṣà Múyì, ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Akínyẹlé. Ọmọ Lálúpọn ni. Ó ga, ó tinrín, ojú sì máa ń tì í. Ṣéènì kẹ̀kẹ́ ni ó mú un mọ Títíladé. Ṣéènì náà gbá ṣòkòtò rẹ̀ mú ní Mọ́níyà, ó ya á láti kókósẹ̀ dé orúnkún. Ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan wà nítòsí. Ó yà síbẹ̀. Ọmọbìnrin méjì ló bá nídìí ẹ̀rọ.

"Ẹ bọ́ ọ," ni ọ̀kan wí.

"Kí n bọ́ ọ? Kí ni n ó wá wọ̀?"

"Ẹ lọ jókòó sẹ́yìn aṣọ tí a fi gé yàrá yẹn. Bí ẹ bá sì fẹ́ máa fi itan han gbogbo Mọ́níyà, ìyẹn kù sọ́wọ́ yín."

Adétutù nìyẹn, ẹlẹ́nu mímú. Èkejì kàn nawọ́ gba ṣòkòtò, ó rán an débi pé ènìyàn kò lè mọ ibi tó ti ya. Òun ni Títíladé, ọmọ Díákónì Josiah ti Akínyẹlé.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ṣòkòtò mìíràn ya. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, bọ́tìnnì mẹ́rin já lẹ́ẹ̀kan náà. Adétutù wo bọ́tìnnì, ó wo Múyì.

"Tíṣà, abẹ ni ẹ fi gé okùn yìí."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ ṣé tí ẹ ò purọ́. Èmi ni n ó ṣe alárenà yín. Ẹ má ba aṣọ jẹ́ mọ́."

Adétutù ṣe iṣẹ́ náà bí iṣẹ́. Ó gbé ọ̀rọ̀ lọ, ó gbé ọ̀rọ̀ bọ̀. Kí Ọdún Àjíǹde tó dé, Títíladé ti jẹ́ hẹn. Ó ku bàbá rẹ̀.

Ọdẹ ni Díákónì Josiah tẹ́lẹ̀ kí ó tó fi ìbọn kọ́, kí ó sì gba oko kòkó mú. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Òun nìkan ló tọ́ ọmọ rẹ̀ dàgbà. Tó bá sọ̀rọ̀ mẹ́wàá ní ọjọ́ kan, wọ́n á ní ó ṣe àríyá. Ohun kan ṣoṣo ni Múyì mọ̀ nípa rẹ̀: ajá kò gbọdọ̀ kọjá níwájú ilé rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Múyì rí i tí ó ju òkò sí ajá ẹlẹ́ran, tí ó sì yíjú kúrò kíákíá bí ẹni tí kò fẹ́ rí i rárá. Múyì kó ìyẹn sínú. Kò béèrè ìdí rẹ̀. Wọn kì í béèrè irú rẹ̀ lọ́wọ́ àgbà.

Ọ̀sẹ̀ kan kí àwọn ará ilé Múyì tó wá tọrọ ìyàwó, ọkọ̀ sinimá wọ ìlú.

Mùnírù, ọmọ Ìbàdàn, ni ó ń wa ọkọ̀ náà, òun ló ń yí ẹ̀rọ, òun náà ló ń túmọ̀. Ó ní òun kò lè dúró di alẹ́, wọ́n ń retí òun ní Ìṣẹ́yìn. Wọ́n bá fi ẹní bo gbogbo fèrèsé gbọ̀ngàn ilé-ìwé ní ọ̀sán gangan. Ooru mú. Gbọ̀ngàn kún.

Fíìmù àtijọ́ ni, dúdú àti funfun. Kò ní ohùn. Mùnírù ni ohùn rẹ̀. Ó fi ìwo onípáànù sẹ́nu, ó ń sọ ohun tí ojú ń rí.

Bàbá òyìnbó kan ń gbé lẹ́bàá igbó. Kò láya, kò lọ́mọ. Ajá ńlá kan àti ọ̀dọ́ àgùntàn kan ni ẹbí rẹ̀. Àwo kan náà ni ajá àti àgùntàn ti ń mu omi. Ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n ń sùn sí. Nígbà tó yá, nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í pa ẹran ará ìlú. Ojú méjì ń tàn nínú òkùnkùn. Ẹ̀jẹ̀ wà lára ọgbà. Àwọn obìnrin ń ké "Jésù!" nínú gbọ̀ngàn, àwọn ọmọdé ń wọ abẹ́ àga. Ará ìlú ní ajá yẹn ni. Wọ́n gbé ìbọn. Ajá sáré wálé pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu, ó ń fi èékánná ha ilẹ̀kùn. Bàbá náà wà nínú ilé. Ó di ìdábùú ilẹ̀kùn mú. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Kò ṣí i.

Ajá ń ha ilẹ̀kùn. Kò ṣí i.

Ibẹ̀ ni aṣọ funfun tí àwòrán ń hàn lára rẹ̀ ti mọ́lẹ̀ yòò. Ẹ̀rọ ń dún lásán. Mùnírù tú inú àpótí kan, ó tú òmíràn. Ó wá gbé ìwo sókè.

"Ó parí!"

Wọ́n ká ẹní kúrò lójú fèrèsé. Kò sí ẹni tó dìde. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu gbogbo wọn.

"Ajá kọ́ nìyẹn," ni Ìyá Àjọkẹ́, ọmọ ìjọ Sérúbù, wí. "Ẹ̀mí ni. Ṣé ẹ ò rí ojú rẹ̀ ni?"

Àgbẹ̀ kan ní, "Ajá tó tó ọmọ màlúù! Ta ni yóò máa bọ́ ọ? Iṣu mi ọdún yìí kò tó o."

Ọ̀gá ilé-ìwé, Ọ̀gbẹ́ni Elijah, nu ojú awò rẹ̀. "Àkàwé ni. Ẹ̀ṣẹ̀ ni ajá yẹn dúró fún."

"Ọ̀gá, ẹ̀ṣẹ̀ kì í bá àgùntàn sùn kí ó má pa á jẹ," ni Adétutù wí láti ẹ̀yìn. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Nígbà náà ni Díákónì Josiah yíjú.

"Tíṣà. Bó bá jẹ́ ìwọ lo wà nídìí ilẹ̀kùn yẹn ńkọ́?"

Gbọ̀ngàn dákẹ́. Nínú òkùnkùn yẹn, ó ti sunkún. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde lọ ṣí ilẹ̀kùn náà fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbà ló ń bi í léèrè yìí, bàbá ìyàwó rẹ̀ lọ́la. Òkò ajá ẹlẹ́ran sì wá sí i lọ́kàn.

"Èmi náà á tì í pa, Bàbá," ni ó wí. "Ẹranko kì í ṣe ọ̀rẹ́ ènìyàn."

Díákónì Josiah wò ó. Ó dé fìlà rẹ̀, ó sì jáde.

Àwọn ará Lálúpọn wá lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀ bó ti yẹ. Díákónì gbà wọ́n dáadáa, ó fún wọn ní omi àti obì. Lẹ́yìn náà ó ní:

"Ọmọ yín kò burú. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ ohun tí yóò ṣe bí ará ìlú bá dìde sí ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀. N kò lè fi ọmọ mi sẹ́yìn irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀."

Àwọn ará Lálúpọn kò mọ ilẹ̀kùn tí ó ń wí. Múyì mọ̀ ọ́n.

Ó pàdé Títíladé lójú ọ̀nà odò ní ọjọ́ kejì. Títíladé gbé agbọ̀n aṣọ kalẹ̀. "Ẹ" ni ó fi máa ń bá a sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ náà, "o" ni.

"Mo rí ọ. O sunkún."

"Títí..."

"Mo jókòó sí ọ̀tún rẹ, o ò mọ̀. O fi etí agbádá nu ojú. O wá dìde, o purọ́ fún bàbá mi."

"Mo rò pé ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ nìyẹn. Wọn kì í fẹ́ rí ajá."

"Ṣé o béèrè ìdí rẹ̀? Ajá kan ló kú nítorí wọn. Bánidélé lorúkọ rẹ̀. Láti ìgbà náà wọn ò lè wo òmíràn lójú. Lọ sọ òótọ́ fún wọn."

"Báwo ni n ó ṣe wá sọ fún àgbà pé mo purọ́ fún un lójú gbogbo ìjọ?"

"Bí o ti ṣe sọ irọ́ náà ni."

Ó dúró dè é. Múyì wo ilẹ̀. Títíladé gbé agbọ̀n rẹ̀, ó lọ.

Kò lọ sọ ọ́. Ó múra lẹ́ẹ̀mẹta, ó dé ẹnu ọ̀nà Díákónì lẹ́ẹ̀kan, ó padà. Ní oṣù kìíní ọdún 1958, ìjọ gbé e lọ kọ́ni ní ilé-ìwé wọn ní Lálúpọn. Ó gun ọkọ̀ ẹrù láàárọ̀, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wà lórí àpò kòkó. Nígbà tí ọkọ̀ kọjá ní Mọ́níyà, ó rí Títíladé nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Kò gbé orí sókè.

Ọdún méjì kọjá. Bí ọkọ̀ ẹrù bá ti Mọ́níyà bọ̀, Adétutù a máa rán awakọ̀ sí i. "Ó wà o. Kò tíì lọ ilé ọkọ." Ìyẹn ni ó máa ń wí. Múyì a máa fi ìyẹn sùn, a máa fi í jí. Ó ń bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ó tọ́ kí òun máa retí. Obìnrin kan kò lè jókòó de ọkùnrin tí kò lè la ẹnu.

Nígbà òjò ọdún 1960, ọ̀rọ̀ Adétutù yí padà. Akínwándé, akọ̀wé tó ń yẹ kòkó wò, ti fi ojú sí Títíladé. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tuntun, ìwà rẹ̀ kò burú. "Bàbá ní bí òjò bá dá, àwọn á jẹ́ kí wọ́n wá. Títí kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Tíṣà, èmi ti ṣe tèmi."

Múyì kò lè jẹun lọ́jọ́ náà.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọkọ̀ sinimá wọ Lálúpọn. Mùnírù ti sanra díẹ̀. Ó mọ Múyì lójú ẹsẹ̀.

"Tíṣà Akínyẹlé! Fíìmù ajá yẹn ni mo tún gbé wá. Ẹ wá wo ìparí rẹ̀ lónìí."

"Ìparí wo? Ṣebí o ní ó parí?"

Mùnírù rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. "Agolo mẹ́rin ni wọ́n ká fíìmù yẹn sí. Mẹ́ta ni mo gbé wá sọ́dọ̀ yín. Mo ti gbàgbé ìkẹrin sí ọ́fíìsì. Ẹ̀yin àgbà sì kún gbọ̀ngàn, ẹ ń wo ẹnu mi. Kí ni kí n wí? Mo ní ó parí."

Múyì wọlé lọ wò ó. Bàbá di ìdábùú mú, kò ṣí i. Ibẹ̀ ni agolo kẹrin ti bẹ̀rẹ̀. Àwòrán náà yí lọ sẹ́yìn bàbá, sínú yàrá. Ọkùnrin mẹ́fà wà níbẹ̀ tí wọ́n na ìbọn sí ilẹ̀kùn. Wọ́n ti gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, wọ́n ń retí ajá. Bí bàbá bá ṣí i, ajá kú. Ajá ha ilẹ̀kùn títí ó fi sú u, ó wọ igbó lọ. Ní òwúrọ̀, ilẹ̀ mọ́, wọ́n sì bá òkú ìkookò ńlá kan lẹ́nu ọ̀nà. Ìkookò yẹn ló ń pa ẹran. Ajá ló pa á, ló sì wọ́ ọ wá. Ajá dùbúlẹ̀ ti òkú náà, àgùntàn sì dùbúlẹ̀ ti ajá. Bàbá ṣí ilẹ̀kùn.

Múyì jókòó sílé ìwé náà títí tí gbogbo ènìyàn fi lọ. Títì tí bàbá yẹn ti ilẹ̀kùn ni ó fi gba ajá là. Èsì tí òun fọ̀ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ló tọ̀nà! Ara rẹ̀ fúyẹ́ bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún.

"Mùnírù, bá mi gbé e lọ sí Akínyẹlé. Agolo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin."

"Wọn ò ní lù mí?"

"Èmi ni n ó dúró níwájú rẹ."

Wọ́n tún fi ẹní bo fèrèsé. Àwọn ènìyàn kan náà ló jókòó. Ìyá Àjọkẹ́ mú omi àdúrà dání. Ní Akínyẹlé, fún ọdún mẹ́ta, wọn kò tíì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ajá yẹn tutù. Wọ́n ń jà á lóko, wọ́n ń jà á lẹ́yìn ìsìn. Díákónì Josiah jókòó síwájú, ọ̀pá wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Títíladé jókòó lẹ́yìn rẹ̀. Múyì dúró sẹ́bàá ògiri. Wọn kò kí ara wọn.

Agolo kẹrin wọlé. Nígbà tí ìbọn mẹ́fà yọ lẹ́yìn bàbá náà, gbogbo gbọ̀ngàn mí kanlẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, Ìyá Àjọkẹ́ ju ọwọ́ sókè, omi àdúrà dà sí Ọ̀gá Elijah lára. "Mo sọ fún yín pé ajá dáadáa ni!" ni ó wí. Kò sí ẹni tó ráyè já a nírọ́.

Wọ́n ká ẹní. Díákónì Josiah fi ọ̀pá dìde.

"Ọdún mẹ́ta ni mo fi bínú sí ọmọ yìí," ni ó wí. "Gbogbo wa wo fíìmù tí kò ní ìparí, a sì dájọ́. Òun nìkan ló rí ohun tó wà lẹ́yìn bàbá yẹn. Mo ṣẹ̀ ẹ́. Bí ó bá ṣì fẹ́ ọmọ mi, kí ó mú un."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Adétutù ń fò sókè. Ẹnìkan gbá Múyì lẹ́yìn. Kí ó ṣáà dákẹ́ ni, kí ó dọ̀bálẹ̀, kí ó sì wí pé ẹ ṣeun. Ohun tó fi ọdún mẹ́ta wá nìyí, wọ́n gbé e lé e lọ́wọ́ lójú ayé.

Ó wo Títíladé. Títíladé kò pàtẹ́wọ́. Ó ń wò ó bó ti wò ó lójú ọ̀nà odò.

Múyì rìn síwájú, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì.

"Bàbá, n kò rí nǹkan kan."

"Kí lo wí?"

"Lọ́jọ́ yẹn. Irọ́ ni mo pa fún yín. N kò mọ̀ pé ìbọn wà níbẹ̀. Mo rí i tí ẹ ju òkò sí ajá, mo sì rò pé ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́ ni. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè fún mi ní ọmọ yín."

Àtẹ́wọ́ kú. Ọwọ́ Adétutù bo ẹnu rẹ̀. Ẹ̀rọ Mùnírù nìkan ló ń dún.

"Kí ló wà lọ́kàn rẹ lọ́jọ́ náà?" ni Díákónì béèrè.

"Pé kí ó ṣí ilẹ̀kùn."

"Kí wọ́n lè yìnbọn pa ajá?"

"N kò mọ̀, Bàbá. Mo ṣáà fẹ́ kí ó ṣí i ni. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde lọ ṣí i fúnra mi."

"Aṣọ funfun ni, Tíṣà!" ni àgbẹ̀ oníṣu wí. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

Díákónì Josiah jókòó padà.

"Èmi náà fẹ́ kí ó ṣí i," ni ó wí. "Ọdún tí Títí pé mẹ́rin, tàkúté mú mi lẹ́sẹ̀ nínú igbó. Ajá mi fi eyín fa irin náà títí, kò là. Ó sáré wálé lọ pe ènìyàn. Ẹ̀jẹ̀ mi wà lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ará ilé mi ní dìgbòlugi ló mú un. Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Wọ́n sọ ọ́ lókò. Ó padà wá, ó dùbúlẹ̀ lé mi láyà títí ilẹ̀ fi mọ́, òtútù kò sì pa mí. Nígbà tí wọ́n rí wa, òun ti kú." Ó mí. "N kò kórìíra ajá. Bí mo bá rí wọn ni n kì í lè jẹun."

Kò sí ẹni tó gbọ́ èyí lẹ́nu rẹ̀ rí àfi ọmọ rẹ̀.

"Dìde, Tíṣà."

Múyì kò dìde.

"Mo ní kí o dìde. Wọ́n ti dá ọ láre, o tún dìde dá ara rẹ lẹ́bi. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ mi. Sọ fún àwọn ènìyàn rẹ kí wọ́n padà wá. Ti Akínwándé, èmi ni n ó lọ bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀. N kò tíì jẹ nǹkan wọn."

Lọ́tẹ̀ yìí, Díákónì fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni àtẹ́wọ́ tó sọ. Mùnírù rọra ti ìwo rẹ̀ sínú ọkọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rántí òun.

Múyì jáde sábẹ́ igi obì. Títíladé tẹ̀ lé e jáde, ó dúró ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mélòó kan sí i.

"Ọdún mẹ́ta," ni ó wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ṣé ó le tó bẹ́ẹ̀?"

"Ó le. Ìgbà tí mo sọ ọ́ tán ni mo rí i pé kò le."

Títíladé bojú wolẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Sìmẹ́ńtì gbọ̀ngàn ti ya ṣòkòtò Múyì lórúnkún.

"Ẹ bọ́ ọ," ni ó wí. Ó ti padà sí "ẹ".

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó wọn ní oṣù kejì ọdún 1961, lẹ́yìn tí wọ́n ti kó kòkó tán. Ní ọjọ́ ìdána, lẹ́yìn tí àwọn ará Lálúpọn ti to iṣu, oyin àti obì kalẹ̀, Múyì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé apẹ̀rẹ̀ kékeré kan fún bàbá ìyàwó rẹ̀. Ọmọ ajá ló wà nínú rẹ̀. Ọmọ ajá náà gun itan Díákónì, ó lá a lọ́wọ́. Bàbá fara balẹ̀ gbé ọwọ́ náà lé e lórí.

"Kí ni ẹ ó máa pè é, Bàbá?" ni Adétutù béèrè.

Díákónì rò ó. Ó wo Mùnírù, tí wọ́n pè wá jẹun, tí ó sì ń jẹun lọ ní tirẹ̀.

"Kòtíìparí," ni ó wí.

Díákónì jẹun yó lọ́jọ́ náà. Nígbà tí àlejò lọ tán, Títíladé fẹ́ ti ilẹ̀kùn àbáwọlé nítorí eruku. Bàbá rẹ̀ ní kí ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọmọ ajá wà níta.